Àwọn Méje Tí Wọ́n Ní Wọn Kò Lè Kàwé

Ọjọ́ Ajé, 20 Jánúárì 2025

Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni mo máa ń dé kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo máa kọ́kọ́ ṣí fèrèsé mẹ́ta, mo máa fi òkúta ti ìkẹrin nítorí kò ní ìkọ́. Mo máa bu omi díẹ̀ sínú ike, mo máa rẹ àkísà sínú rẹ̀, mo máa fún un títí omi kò fi ní kán mọ́. Bí àkísà bá tutù jù, omi á máa ṣàn wálẹ̀ lójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì kò sì ní mú un títí wọn á fi lu aago àkọ́kọ́. Láti òkè ni mo ti máa ń nù ún, láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún, n kì í nù ún ní róbótó. Tó bá gbẹ, mo máa so òwú mọ́ ìṣó tó wà ní igun, mo máa fi ṣọ́ọ̀kì pa òwú náà, mo máa fà á le dé igun kejì, mo máa ta á lẹ́ẹ̀kan. Ìlà funfun á jókòó. Ìlà mẹ́jọ. Mo máa wá lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, kí n máa wò ó bíi pé èmi náà jẹ́ ọmọ kíláàsì. Lójúmọ́, àkókò yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ gbóhùn sókè."

Lónìí ni ọ̀sẹ̀ kejì ìdánrawò tíṣà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì rán mi wá ṣe ní Òwu, Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Kọ́láwọlé, tó ni kíláàsì, fi ìwé òyìnbó lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta ló ń pariwo ojú ewé kẹsàn-án pa pọ̀: "Bola has a red ball!" Fàòsíyà, ọmọ-ọmọ Alhájà Rodiat tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, ń fi ìka tọ ìlà, ẹnu rẹ̀ ń lọ geere. Mo ṣí ojú ewé kejìlá fún un. Ìka rẹ̀ wà lórí àwòrán ewúrẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣì ń pe Bola àti bọ́ọ̀lù. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó jókòó ni mo tó mọ̀ pé èmi ni mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè mi là.

Ọjọ́rú, 22 Jánúárì

Ọ̀gá àgbà wa, Ìyáàfin Adégbóyèga, lẹ orúkọ ọmọ méje mọ́ ara ògiri yàrá àwọn tíṣà. Gbogbo wọn wá láti Pírámárì Tírì. Ní ọjọ́ keje oṣù Máàṣì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ka ojú ewé òyìnbó kan tí kò rí rí. Ìlà mẹ́wàá, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tí kò bá kà á tán máa padà sí Pírámárì Wáànù. Fàòsíyà ni orúkọ kejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Ọ̀gá Kọ́láwọlé ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Àǹtí, orí àwọn wọ̀nyẹn kò gbàwé ni. Ẹ má pa ara yín."

Mo délé, Alhájà ti gbọ́. Ó jókòó sáàárín àdìrẹ tó ń ká fún ọjà Ìtòkú, kò gbójú sókè. "Bí wọ́n bá dá a padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, mo máa yọ ọ́. Ó máa lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Màṣíìnì kì í bi èèyàn ní òyìnbó."

Fàòsíyà ń gbálẹ̀ lẹ́bàá ibẹ̀. Kò dá ìgbálẹ̀ dúró.

Àbámẹ́ta, 25 Jánúárì

N kò ní ẹni tí mo máa lọ kí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣa ẹ̀wà. Ní ọ̀ọ́kán, lábẹ́ àtíbàbà, Àfáà Jùbrílù ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Wàláà, pákó tí wọ́n ń kọ kéú sí, wà lórí itan oníkálùkù. Fàòsíyà ń kà, mo sì gbọ́ pé ohùn rẹ̀ kò jọ èyí tó ń mú wá sí kíláàsì. Kò sáré. Ó ń dúró, ó ń wò, ó ń so ó pọ̀.

Mo sọdá. Ẹsẹ̀ mi wúwo, nítorí n kò bá Àfáà sọ̀rọ̀ rí ju ẹ kú àárọ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti há èyí sórí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ ò gba ọmọ yín gbọ́?" Ó ki gègé bọ íńkì tàdáwà, ó kọ ìlà kan sórí wàláà mìíràn. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni. Kò tíì dé ibẹ̀. Fàòsíyà, máa bọ̀."

Ó wò ó. Ètè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó mú lẹ́tà kan, ó wo àmì òkè rẹ̀, ó pè é. Ó mú èkejì, ó wo àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó so wọ́n pọ̀. Ó ṣì í níbì kan. Àfáà kàn fi igi kan ilẹ̀. Ọmọ náà padà sẹ́yìn, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Ọmọ yìí ń kàwé. Ojú mi ló ṣe. Ògiri yàrá àwọn tíṣà ń parọ́.

Ìṣẹ́gun, 28 Jánúárì

Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí pátákó: bàtà, ata, ilé. Mo ní kí wọ́n má pariwo orúkọ lẹ́tà, kí wọ́n má fi lẹ́tà kankan sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n so ó mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé kéú. Fàòsíyà tẹjú mọ́ ọn. "Ba... ta." Ó dákẹ́. Ló bá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Àǹtí! Bàtà ni! Bàtà yìí!"

Mo bojú wẹ̀yìn, Ìyáàfin Adégbóyèga wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí nìyẹn?"

"Yorùbá ni, ma."

"Mo rí i pé Yorùbá ni. Àsìkò òyìnbó la wà. Àwọn òbí kò rán ọmọ wá síbí kó wá kọ́ ohun tó ń sọ nílé. Ẹ nù ún."

Mo nù ún. Lẹ́yìn tó lọ, Ọ̀gá Kọ́láwọlé rọra ní, "Ẹ gba máàkì yín, kí ẹ máa lọ sílé yín. Ilé ayé kò ní parí ní Òwu."

Ó dáa. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ síbí: bàtà, ata, ilé. Kí Ìyáàfin Adégbóyèga wá nu èyí.

Ẹtì, 31 Jánúárì

Kò sófin tó sọ ohun tí mo lè ṣe ní àkókò ìsinmi. Ẹ̀yìn ilé ìwé, lábẹ́ igi fúrúùtù, ni mo dúró sí. Ọmọ mẹ́ta nínú àwọn méje náà wá: Fàòsíyà, Àmínù, àti Haleemah tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ níbí, tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Owódé. Mo fi igi kọ̀wé sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á máa fi ohùn Ìkàrẹ́ mi rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ tún un sọ!" Haleemah ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìkàrẹ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ ní Òwu?"

Wọ́n sọ ọ́. Mo kọ ọ́. Wọ́n kà á. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń rín lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì

Àwọn méjèèje pé. Páálí ṣọ́ọ̀kì kan ti di ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà, kóńgò gàrí kan náà kò sì jìnnà sí i. Mo ra ṣọ́ọ̀kì, ó wá ku ohun tí a máa kọ ọ́ sí. Orí ilẹ̀ kò gba ìkọ̀wé dáadáa. Bí adìẹ kan bá kọjá, ó ti nu ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún nìyí tí ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ mi láìfi Àǹtí síwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10 Fẹ́búárì

Mo ṣe ohun burúkú kan.

Fàòsíyà mú wàláà rẹ̀ wá. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kọ ọ́ síbí, kò ní parẹ́." Inú mi dùn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ "adìẹ" sí i, mo kọ "ẹja" sí abẹ́ rẹ̀. Ó gbé e lọ sílé.

Aago márùn-ún, Alhájà pè mí láti àgbàlá, kò sì pe Àǹtí mọ́. "Lois! Jáde wá!" Ó gbé wàláà náà lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tó ṣubú. "Ibi tí a ń kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí, ibẹ̀ lo kọ adìẹ sí? Adìẹ! Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi Bíbélì yín pọ́n mọ́ín-mọ́ín ní Ìkàrẹ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ma, n kò mọ̀. Ẹ forí jì mí."

"Fàòsíyà kò tún gbọ́dọ̀ dé ìdí igi yẹn mọ́."

Mo ti kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ibòmíràn tí mo tún fẹ́ lọ. Mo bá sọ ọ́: "Ma, mo ṣẹ̀ sí wàláà. N kò ṣẹ̀ sí ọmọ náà. Ẹ bá mi wí, ẹ má gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Oúnjẹ Àlámíìsì tí wọ́n máa ń gbé wá fún mi ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, n kò rò pé wọ́n á tún gbé e wá.

Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Mẹ́fà.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì

Mo lọ bẹ Àfáà. Mo rò pé ó máa lé mi. Ó ní kí n jókòó sórí ẹní, ó ní kí n sọ ohun tí mo ń fi adìẹ kọ́ wọn. Mo sọ ọ́. Ó gbọ́ títí, ó wọlé, ó gbé ìwé kan jáde tí etí rẹ̀ ti gbó. Lẹ́tà Lárúbáwá ló kún inú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á: "Ọjọ́ tí a bí Kùdírátù, òjò rọ̀, àgbò wọ́n, a pa òbúkọ."

Yorùbá ni! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde.

"Bàbá mi ló kọ ọ́," ló wí. "Àwa ọmọ mẹ́sàn-án la wà níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ sí báǹkì lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan wo fìlà mi, ó ní, 'Bàbá, ẹ tẹ̀ka, mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé.' Mo tẹ̀ka. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?" Ó pa ìwé náà dé. "Wàláà, a kì í fi kọ ohun mìíràn. Ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ti mọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n pákó pọ̀ lọ́dọ̀ káfíńtà. Màá bá Alhájà sọ̀rọ̀."

Ó wá kọ́ mí ní ohun méjì. Àkọ́kọ́: ọmọ kì í nu ohun tí a kọ fún un títí yóò fi kà á fún ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́. Èkejì: "Ẹnu wọn yá ju ojú wọn lọ. Bí ẹ bá ti jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, orin ni wọ́n máa kọ fún yín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà náà, kí ẹ máa ṣí i láti ẹ̀yìn."

Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì

Pákó méje, tí káfíńtà gé eteetí rẹ̀ kó má baà gún wọn lọ́wọ́. Fàòsíyà padà wá. Alhájà kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ọmọ náà mú àkísà mímọ́ dání.

Gbogbo ọgbà ilé ìwé ló ń gbọ́ ìwé báyìí, nítorí wọn kò lè nu pákó. Wọ́n kà á fún bàbá tó ń ṣọ́ géètì, wọ́n kà á fún ìyá tó ń ta búńsì. Àmínù gbé tirẹ̀ lọ bá Ọ̀gá Kọ́láwọlé. Ọ̀gá ń fọ eyín, kò wò ó. Àmínù kà á tán, ó fẹ́ nù ún.

"Dúró. Tún un kà."

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Dókítà Ọláìtán, alábòójútó mi, wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Ìyáàfin Adégbóyèga ló mú un wá tààrà sí ìdí igi fúrúùtù. Kí n tó dìde, Haleemah ti gbé pákó rẹ̀ dé iwájú Dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ma, ẹ gbọ́ tèmi kí n lè nù ún." Ó kà á: "Ẹyẹlé fò sórí òrùlé."

Dókítà wo ọmọ náà, ó wo pákó. "Ó dáa. Nù ún." Ló bá yíjú sí mi. "Èyí kò sí nínú nóòtì ẹ̀kọ́ ẹ."

"Kò sí, ma."

"Ta ló fún ẹ láṣẹ?"

"Kò sẹ́ni, ma."

"Nóòtì ni wọ́n ní kí n fún ní máàkì, Lois. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta sì ni wọ́n fi ń yege. Bí èyí bá mú kí n tún iṣẹ́ yìí ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, mo máa tún un ṣe. N kò ní fi ìdí igi fúrúùtù sílẹ̀ nítorí máàkì mẹ́ta.

Ọjọ́ Ajé, 24 Fẹ́búárì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ láàárọ̀. Ooru tó tẹ̀lé e burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi àti Fàòsíyà ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ọkùnrin kan kọjú sí ògiri kan, ó ń ṣe ohun tí àwọn ọkùnrin máa ń ṣe. Fàòsíyà dúró. Ó wo òkè orí ọkùnrin náà, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́, n kò sì tètè mọ ohun tó ń bọ̀.

"Ẹ... má... tọ̀... sí... bí... o."

Ọkùnrin náà fò sókè. "Ọmọ yìí! Ta ni bàbá ẹ?"

"Ẹ má bínú, sà. Mo kàn ń kàwé ni."

A sáré. A rẹ́rìn-ín dé ilé. N kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé Abẹ́òkúta.

Ọjọ́bọ̀, 27 Fẹ́búárì

Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo gbé òyìnbó padà sí i. Fàòsíyà bínú sí i. Mo kọ "come", ó kà á ní "kó-mé". Mo sọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

"Lẹ́tà tó kẹ́yìn yìí ńkọ́?"

"Wọn kì í pè é."

"Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀? Àǹtí, òyìnbó ń parọ́."

Fàòsíyà fọwọ́ nu imú, ó tún un wò. "Ó dáa, ó dà bí álífù, lẹ́tà kéú tí a máa ń rí tí a kì í pè. Ó ń bá wọn jókòó lásán." Ó tún un kà, ó kà á dáadáa. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Haleemah lọ́nà tó dára ju tèmi lọ.

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé. Àwọn tó dàgbà jù nínú kíláàsì ń tòògbé. Fàòsíyà ní òun ń gba ààwẹ̀ dé ọ̀sán. Ọ̀sán rẹ̀ máa ń dé ní aago mẹ́wàá. Alhájà gbé àkàrà àti ògì wá fún mi nígbà tí wọ́n ń ṣínu. Mo ní, "Ẹ ṣé, ma. Ẹ kú ààwẹ̀." Ó ní, "Ẹtì ni ìdánwò, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹtì, 7 Máàṣì

Yàrá àwọn tíṣà. Ìyáàfin Adégbóyèga gbé aago sórí tábìlì. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí.

Mẹ́rin nínú wọn kà á tán. Fàòsíyà ka ìlà méje kí aago tó dún. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Haleemah ka mẹ́fà. Àmínù ka mẹ́ta, ó bú sẹ́kún, bàbá rẹ̀ sì ti wá fọwọ́ sí ìwé tó dá a padà sí Pírámárì Wáànù kí ọ̀sán tó pọ́n. N kò tètè mọ̀ pé ó ti dé. Ìyẹn ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí Alhájà dé, mo tẹ̀lé e wọ ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Ìwé náà wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní òyìnbó, páàdì íńkì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Alhájà, ibí lẹ máa tẹ̀ka sí," Ìyáàfin Adégbóyèga wí. "Ó máa bẹ̀rẹ̀ ní Pírámárì Wáànù ní ọjọ́ Ajé."

"Kò ní bẹ̀rẹ̀ níbì kankan. Mo ti bá aránṣọ sọ̀rọ̀." Alhájà ti ki àtàǹpàkò bọ inú íńkì. "Fàòsíyà, bá mi di ìwé yìí mú kó má yọ̀."

Fàòsíyà dì í mú. Kò sẹ́ni tó ní kó kà á. Ó kàn wò ó ni, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́.

"Your... ward... can... not... read."

Àtàǹpàkò Alhájà dúró lókè. "Kí ló wí?"

"Ìyá àgbà, ó ní n kò lè kàwé."

"Ó ní kí ni?"

"N kò lè kàwé. Ó wà níbí." Ó fi hàn án.

Alhájà wo ìwé, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Ìyáàfin Adégbóyèga. "Ta ló wá kà á fún mi báyìí?"

"Alhájà, kì í ṣe pé kò mọ nǹkan kan. Ó lọ́ra ni."

"Èmi náà ń lọ́ra rìn. Ṣé n kò dé ibí?" Ó fi eteetí ìborùn rẹ̀ nu íńkì kúrò. Ìborùn funfun.

Ìyáàfin Adégbóyèga yíjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ há a sí i lórí."

Mo gbóhùn sókè, ẹni tó bá wà ní kọ́rídọ̀ máa gbọ́. "Rárá, ma. Kò sẹ́ni tó lè há ìwé yẹn sí i lórí. Àárọ̀ yìí lẹ tẹ̀ ẹ́."

Ìyáàfin Adégbóyèga ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i fúnra rẹ̀, bíi pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó fi í sínú dúrọ́ọ̀. Fàòsíyà máa wà ní Pírámárì Tírì títí di òpin ọdún, wọ́n á tún dán an wò. Sínú fọ́ọ̀mù tí mo máa dá padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó kọ "aláìgbọràn". Mo bu ọwọ́ lù ú. Òótọ́ ni.

Ní ẹnu ọ̀nà, Alhájà ní, "Lois, wá bá wa ṣínu." Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ báyìí, ikùn mi kún.

Ó ku Haleemah. Ìyá rẹ̀ kò lè fi ọjà sílẹ̀, nítorí náà wọ́n fi irú lẹ́tà kan náà rán ọmọ náà, pé kí ìyá rẹ̀ tẹ̀ka sí i kó sì dá a padà ní ọjọ́ Ajé. Mo ti bá àbúrò ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀; ó ní kí n mú un lọ. Lọ́la, bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, èmi àti Haleemah máa wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Owódé. N kò ní bá a ṣí i, n kò sì ní jẹ́ kó dán an wò nínú ọkọ̀. Mo máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọjà, kó kà á fún ìyá rẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni lẹ́tà náà. Mẹ́fà ló kà lónìí.